Sísan Gbèsè Kírẹ́díìtì Káàdì Láti Inú Owó Oṣù Ìdílé

Gbèsè orí kírẹ́díìtì káàdì kì í dúró sójú kan. Owó tí èèyàn yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájọ, iye tó yá náà ni yóò dá padà, bó pẹ́ bó yá. Ti káàdì yàtọ̀. Ojoojúmọ́ ni báńkì ń ṣírò èlé lé e lórí, wọn a sì máa da èlé náà pọ̀ mọ́ gbèsè lóṣooṣù, tí èlé tuntun yóò tún máa gun orí èlé àtijọ́. Ìdí nìyí tí ìdílé tó ń sanwó déédéé fi lè wo ìwé ìṣirò lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n rí i pé gbèsè náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Láti ọdún 1966 tí Barclaycard ti jáde ni kírẹ́díìtì káàdì ti wọ ìgbésí ayé àwọn ará Bìrìtéènì, àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ ni orí yìí sì dá lé. Ní Nàìjíríà, káàdì tó wà lápò ọ̀pọ̀ èèyàn, owó tiwọn tó wà ní báńkì ló ń ná. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé London tàbí Manchester lè má tètè rí ìyàtọ̀ láàárín káàdì tó ń ná owó ẹni àti èyí tó ń ná owó báńkì, torí bákan náà ni àwọn méjèèjì rí lójú, bákan náà ni wọ́n sì ṣe ń dún lórí ẹ̀rọ ìsanwó.

Bí èlé ṣe ń gun orí gbèsè

Lóṣooṣù ni báńkì tó ni káàdì ń fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá níbẹ̀: àpapọ̀ gbèsè, iye èlé tí wọ́n kà ní oṣù náà, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ ti wọlé. Bí ìdílé bá san gbogbo gbèsè náà kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, wọn kò ní san èlé kankan lórí ọjà tí wọ́n rà. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì, àǹfààní yìí lè tó ọjọ́ 56 láti ọjọ́ tí wọ́n ra nǹkan. Ṣùgbọ́n bí owó díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, àǹfààní náà bọ́ nìyẹn, èlé yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọjà kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn ọjà tuntun. Ẹni tó jẹ gbèsè, tó tún ń fi káàdì kan náà ra oúnjẹ, èlé ló ń san lórí búrẹ́dì àti ẹyin láti ọjọ́ tó ti gbé wọn wálé.

Owó tí wọ́n fi káàdì yọ lẹ́nu ẹ̀rọ kò ní ọjọ́ àánú kankan rárá. Ọjọ́ tó jáde ni èlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, báńkì sì tún máa ń gba owó ìyọwó lé e. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń kó sí wàhálà láìmọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ báńkì ka owó tí èèyàn bá fi kírẹ́díìtì káàdì ránṣẹ́ sílé sí owó tí wọ́n yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Àìsàn gbé bàbá dè ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé ìwòsàn ń béèrè owó lálẹ́, ọmọ sì fi káàdì ránṣẹ́ lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú méjì. Kí bàbá tó rí dókítà, owó ìyọwó ti wọ inú gbèsè, èlé sì ti ń kà. Ẹni tí fífi owó ránṣẹ́ sílé wà lára ojúṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi owó tó wà ní báńkì rẹ̀ rán an, kì í ṣe káàdì.

Ohun tó ń de ìdílé mọ́lẹ̀ jù lọ ni ìlà kékeré tó ń sọ iye tó kéré jù tí báńkì yóò gbà. Ìṣirò kan yóò fi í hàn. Ká mú gbèsè £3,000 tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Lọ́dún, pẹ̀lú èlé orí èlé, ìyẹn sún mọ́ ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí kì í ṣe àjèjì lórí káàdì ní Bìrìtéènì. Ohun tí ọ̀pọ̀ báńkì ń béèrè ni èlé oṣù náà pẹ̀lú ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè, tàbí iye pàtó kan bíi £25, èyí tó bá pọ̀ jù. Ní oṣù kìíní, £90 ni yóò jẹ́: £60 lọ sórí èlé, £30 péré ló kan gbèsè fúnra rẹ̀. Bí gbèsè ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ ni iye tí báńkì ń béèrè náà ń dín kù, ìdílé á sì rò pé ara ti ń tu àwọn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ títí dópin yóò san án fún ohun tó lé ní ọdún 15, èlé tí yóò san yóò sì sún mọ́ £4,900 lórí £3,000 tó yá.

Bí ìdílé kan náà bá kọ̀ kí owó náà máa dín kù, tí wọ́n di £90 mú lóṣooṣù láìyẹ̀, gbèsè á tán ní oṣù 56, èlé á sì jẹ́ nǹkan bíi £2,000. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kan kún ohun tí wọ́n san ní oṣù kìíní, síbẹ̀ ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá ni wọ́n gé kúrò nínú ìyà náà. Bí wọ́n bá lè san £150, oṣù 26 ni, èlé á sì jẹ́ bíi £870. Bó bá jẹ́ £210, oṣù 17 ni, èlé kò ní ju bíi £570 lọ. Gbogbo iṣẹ́ tí ètò ìnáwó ilé ní láti ṣe wà nínú ìṣirò yìí: kó wá iye kan tó ju ohun tí báńkì ń béèrè lọ, kó má jẹ́ kí iye náà yí padà, kó sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn ìnáwó yòókù títí gbèsè yóò fi tán.

Jíjókòó ti ìṣirò ilé

Ìṣirò tí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé bá dá ṣe kì í pẹ́ bàjẹ́. Ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ jọ jókòó tì í, kí káàdì gbogbo sì wà lórí tábìlì, èyí tí ẹnì kejì kò mọ̀ nípa rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀tọ̀ ni àpò ọkọ, ọ̀tọ̀ ni ti aya, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó burú ni kí ọkọ máa fi £100 pamọ́ ní báńkì níbi tí èrè rẹ̀ kéré, kí aya sì máa san ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí káàdì tí ọkọ kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ilé kan náà ló ń san èlé yẹn. Bí ìtìjú bá wà níbẹ̀, ó sàn kó jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ju kí lẹ́tà àwọn agbowó-gbèsè wá tú u síta.

Ìwé ìṣirò báńkì ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọkàn rántí, torí ọkàn kì í rántí gbogbo £4 tó bọ́ lójú ọ̀nà. Kí wọ́n kọ ohun tó jáde lóòótọ́ sílẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ká sọ pé ìdílé kan tó ní ọmọ méjì ní Thamesmead ń gba £3,500 lóṣù lẹ́yìn owó orí. Owó ilé gba £1,450, owó káńsù £160, iná àti gáàsì £170, omi £45, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì £70, ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ £240, oúnjẹ £560, ohun tó kan àwọn ọmọ £110. Wọ́n ń fi £200 ránṣẹ́ sílé, wọ́n ń fi £150 sílẹ̀ ní ilé ìjọsìn, wọ́n ń dá àjọ £100, òde àti aṣọ ẹbí ń gba £120, káàdì ń gba £90. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £3,465. Ó ku £35 lọ́wọ́ wọn. Irú ilé yìí kò ná owó ní ìnákúnàá, wọn kò sì ṣe ọ̀lẹ. Bí ohun kékeré bá ṣẹlẹ̀ lóṣù náà, bóyá fóònù ọmọ fọ́ tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ kú, káàdì ni yóò gbé e, gbèsè tí wọ́n fi £30 dín kù á sì fi £80 ga sí i.

Ọ̀wọ́ ìnáwó kan wà tí kò hàn nínú oṣù mẹ́ta, òun ló sì ń ba ètò ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ́. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án wà nínú rẹ̀, ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá wà nínú rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé wà nínú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù fún àwọn tí kò tíì gba ìwé ìgbélùú ayérayé ni owó físà. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, £1,035 lọ́dún ni àgbàlagbà kan ń san fún owó ìlera tí ìjọba ń gbà pẹ̀lú físà, yàtọ̀ sí owó físà fúnra rẹ̀. Àwọn tó wà lórí físà òṣìṣẹ́ ìlera kì í san án. Ẹni tí yóò gba físà ọdún méjì àbọ̀ yóò san £2,587.50 fún owó ìlera yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ń tọ́jú £86.25 lóṣù fún oṣù 30, owó náà á ti wà nílẹ̀. Bí kò bá tọ́jú rẹ̀, káàdì ló sábà máa ń san án, ìdílé á sì máa fi èlé gbé ìwé ìgbélùú wọn. Ọjọ́ tí físà yóò parí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ owó ilé.

Ibi tí owó ti ń jáde wá

Àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn òyìnbó lórí ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ju kí wọ́n sọ fún èèyàn pé kó má mu kọfí níta mọ́. Ìmọ̀ràn yẹn kò débi tí owó ìdílé Yorùbá ń gbà lọ. Ibi tó ń gbà lọ ni òde, ilé, ilé ìjọsìn àti àjọ, kò sì sí èyí tó ṣe é pa tì pátápátá nínú wọn, torí àwọn ni okùn tó so èèyàn mọ́ ẹbí àti ará. Ohun tó ṣe é ṣe ni kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, kó má sì kọjá ibẹ̀.

Òde ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìnáwó ọjọ́ Sátidé kan lè ní aṣọ ẹbí, gèlè, ẹ̀bùn, owó ọkọ̀ àti owó ìnáwó lágbo nínú. Ìdílé tó wà nínú gbèsè lè lọ sóde láìra aṣọ ẹbí. Aṣọ tó ti wà nílé kò ní kí wọ́n má jókòó. Ti àwọn ẹbí tó súnmọ́ wọn gan-an ni kí wọ́n máa rà, kí wọ́n sì fi tipẹ́tipẹ́ sọ fún àwọn yòókù pé lọ́dún yìí, ọwọ́ àwọn kò ní tó o. Ẹni tó bá sọ ọ́ ní kùtùkùtù kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó dákẹ́ tó sì fi káàdì rà á ni yóò máa san aṣọ tó ti wọ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ọdún kan gbáko.

Owó tó ń lọ sílé nílò ọ̀rọ̀ sísọ ju gígé lọ. Bí £200 bá ń jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín oṣù, owó ìfiránṣẹ́ àti ìyàtọ̀ owó pààrọ̀ ń jẹ lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kí wọ́n sì pe àwọn òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń pín in nílé láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé gbèsè wà nílẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí gbà gbọ́ pé owó kì í wọ́n nílùú òyìnbó nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé ó ń wọ́n.

Nípa ilé ìjọsìn, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló mọ ohun tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ béèrè, ìwé atọ́nà kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á láṣẹ fún wọn. Ohun kan dájú ṣá: kò yẹ kí owó ìlérí ìkọ́lé tàbí ìdámẹ́wàá jáde láti orí káàdì, torí owó ẹlòmíràn nìyẹn, báńkì sì ń gba èlé lé e. Mùsùlùmí tó bá ń tijú láti sọ ìṣòro rẹ̀ ní mọ́sálásí lè rántí pé nínú Sura At-Tawbah, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà lára àwọn tí sàká tọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ àjọ gba àlàyé, torí ibẹ̀ ni ìdílé tó ní gbèsè lè ti rí ìrànlọ́wọ́ tí kò sí ní báńkì kankan. Nínú àjọ ènìyàn mẹ́wàá tó ń dá £100, £1,000 ni ẹni tó bá kàn máa kó. Ẹni tó kó ní oṣù kìíní ti yá owó lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án yòókù láìsí èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn ló yá àwọn yòókù lówó láìgba èlé. Ìdílé tó ń san ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí káàdì, tó sì gbà láti kó kẹ́yìn, ń yá ẹlòmíràn lówó lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí òun ń ra owó lọ́wọ́ báńkì. Kí irú wọn bá olórí àjọ sọ̀rọ̀ láti kó lára àwọn àkọ́kọ́, kí wọ́n sì gbé gbogbo £1,000 náà lọ sórí káàdì lọ́jọ́ tó bá wọlé. £20 ni èlé tí yóò tipa bẹ́ẹ̀ kúrò lóṣooṣù. Kí wọ́n má ṣe já àjọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láàárín, kí ẹni tó ti kó sì máa dá tirẹ̀ lọ títí yóò fi parí. Orúkọ rere láàárín àwọn alájọ ni ohun ìdúró kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Owó káńsù ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ kì í lò. Ìdá mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń pín in sí, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kìíní, tí oṣù Kejì àti Kẹta á sì ṣófo. Fún ìdílé Thamesmead yẹn, £320 ni èyí, ó ju ohun tí wọn yóò máa san lórí káàdì ní oṣù kan àbọ̀ lọ, kó sì kọjá sórí gbèsè kó tó di pé ọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ń gbé inú ilé, bí ìyá tí ọkọ rẹ̀ wà ní Èkó, káńsù gbọ́dọ̀ yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò bó bá béèrè. Ẹ̀dínwó yìí kò sí lára àwọn ohun tí físà dè lọ́nà. Àwọn owó ìrànwọ́ ìjọba yòókù yàtọ̀: ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sọ pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ kò gbọ́dọ̀ béèrè fún èyíkéyìí láìkọ́kọ́ bi amòfin tàbí olùgbanimọ̀ràn.

Nínú àpẹẹrẹ tó wà lókè, bí òde bá di £60, tí oúnjẹ di £520 nípa ríra ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró ní àpò àti agolo ńlá, tí fóònù sì di £50 nígbà tí àdéhùn àtijọ́ bá parí, £120 ti jáde. Pẹ̀lú £90 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, £210 ni yóò máa lọ sórí káàdì. Wọn kò fọwọ́ kan owó ilé, wọn kò sì fọwọ́ kan ilé ìjọsìn. £35 tó ṣẹ́ kù ni kí wọ́n máa fi pamọ́ sí àpò ọ̀tọ̀ fún ohun òjijì. Ní oṣù mẹ́sàn-án, yóò ti lé ní £300, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó bá kú kò sì ní rán wọn padà sọ́dọ̀ báńkì.

Bí wọn yóò ṣe máa san án

Káàdì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ kí sísan tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí fóònù àti lórí gbogbo ojú òpó tí wọ́n ti ń rajà, torí èyí tó wà níbẹ̀ rọrùn láti fọwọ́ kàn ju èyí tó wà lápò lọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣètò direct debit, ìyẹn àṣẹ tó jẹ́ kí báńkì máa yọ owó fúnra rẹ̀, fún iye tó kéré jù tí báńkì ń béèrè, kí ọjọ́ má bàa kọjá, nítorí pé £12 ìtanràn ni ọ̀pọ̀ báńkì ń bù lé ẹni tó bá pẹ́. Ìyókù tí yóò mú kó di £210 ni kí wọ́n fi standing order, ìyẹn àṣẹ pé kí báńkì máa fi iye pàtó kan ránṣẹ́, gbé lọ ní ọjọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé. Owó tó bá dúró de ìparí oṣù kì í bá wọn níbẹ̀.

Bí káàdì bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tí èlé rẹ̀ ga jù ni kí gbogbo àfikún máa lọ sí, kí àwọn yòókù sì máa gba iye tó kéré jù. Bó bá tán, owó tirẹ̀ yóò kọjá sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan fẹ́ràn láti kọ́kọ́ pa gbèsè tó kéré jù, kí ọkàn lè balẹ̀. Ọ̀nà yẹn wọ́n díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ £150 tàbí £200 ló ń fa lẹ́tà lóṣooṣù, kò sí ìdí tí wọn kò fi ní pa á kíákíá kí wọ́n sì dojú kọ èyí tó ń jẹ wọ́n jù.

Ẹni tí àkọsílẹ̀ ìsanwó rẹ̀ ṣì dára lè gbé gbèsè náà lọ sórí káàdì mìíràn tí kò ní gba èlé fún àkókò kan. Báńkì tuntun sábà máa ń gba owó ìgbéwọlé. Bó bá jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, £90 ni lórí £3,000, gbèsè á sì di £3,090. Pẹ̀lú £210 lóṣù, yóò tán ní oṣù 15, £90 yẹn nìkan ló sì máa dípò nǹkan bíi £570 tí èlé ì bá jẹ. Èrè ńlá nìyí, àmọ́ ó ní ìlànà tirẹ̀. Kí àkókò tí kò ní èlé náà tó oṣù tí wọn yóò fi san án, kí wọ́n má fi káàdì tuntun náà ra ohunkóhun, kí ọjọ́ ìsanwó kankan má sì kọjá, torí báńkì lè gba àǹfààní náà padà. Káàdì àtijọ́ tó ti ṣófo ni ewu tó kù. Ẹni tí kò bá dá ara rẹ̀ lójú, kó tì í pa lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí owó kò bá tó

Ìṣirò lè fi hàn pé kò sí ohun tó ṣẹ́ kù fún káàdì rárá. Nígbà náà, kì í ṣe gbogbo gbèsè ló ní agbára kan náà. Owó ilé, owó káńsù, iná àti gáàsì, pẹ̀lú owó orí ìjọba ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí pé àìsan wọ́n lè mú kí wọ́n lé èèyàn jáde nílé, kí wọ́n rán agbowó-gbèsè wá gbé ẹrù, tàbí kí wọ́n gé iná. Báńkì tó ni káàdì lè kọ lẹ́tà líle, ó lè ba àkọsílẹ̀ ìsanwó jẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ó sì lè lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi èèyàn sẹ́wọ̀n nítorí pé kò rí owó san. Kò sí ẹni tó yẹ kó fi owó ilé san káàdì nítorí pé ohùn tó wà lórí fóònù le.

Kí wọ́n pe báńkì fúnra wọn kí oṣù tó dé tí wọn kò ní lè san. Láti ọdún 2018, àjọ FCA tó ń mójú tó àwọn ayánilówó ti pa á láṣẹ pé bí oníbàárà bá ti ń san èlé àti owó ìtanràn ju gbèsè gan-an lọ fún oṣù 18, báńkì gbọ́dọ̀ kàn sí i kó gbà á nímọ̀ràn láti máa san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá tó oṣù 36 tí nǹkan kò yí padà, báńkì gbọ́dọ̀ fún un ní ọ̀nà láti san án tán láàárín àkókò tó mọ níwọ̀n, bí kò bá sì lágbára rẹ̀, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́, bíi kí wọ́n dín èlé kù tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń ba èèyàn lẹ́rù, wọ́n sì máa ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì dáhùn.

StepChange, National Debtline àti Citizens Advice ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè láìgba kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ béèrè owó kó tó gba èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń bá da ohunkóhun pọ̀. Ní England àti Wales, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021, olùgbanimọ̀ràn lè fi orúkọ ẹni sínú ètò Breathing Space. Fún ọjọ́ 60, ọ̀pọ̀ èlé àti owó ìtanràn á dúró, àwọn ayánilówó kò sì gbọ́dọ̀ lépa onígbèsè nítorí àwọn gbèsè tó wà nínú ètò náà. Àkókò yẹn kò pa gbèsè rẹ́. Ó fún ìdílé láyè láti jókòó ti ìṣirò láìsí fóònù tó ń dún.

Ní ti àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà dípò Bìrìtéènì, ìdílé tó wà ní Houston tàbí Chicago yóò rí ìrànlọ́wọ́ mìíràn nínú ìwé ìṣirò wọn. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2009 sọ pé ìwé náà gbọ́dọ̀ fi hàn iye ọdún tí gbèsè yóò gbà bí èèyàn bá ń san iye tó kéré jù nìkan, pẹ̀lú iye tí yóò máa san lóṣù bó bá fẹ́ kó tán ní oṣù 36. Iye kejì yìí ló yẹ kí wọ́n kọ sórí ètò ìnáwó, kí wọ́n sì wá bí wọn yóò ṣe kọjá rẹ̀.

Oṣù tó kẹ́yìn

Nígbà tí gbèsè bá fẹ́ tán, kí wọ́n pe báńkì kí wọ́n béèrè iye tí yóò pa á rẹ́ lọ́jọ́ pàtó kan. Iye tó wà lórí ìwé oṣù tó kọjá kì í pé, nítorí pé èlé ṣì ń kà láàárín ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé náà àti ọjọ́ tí owó wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti san ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n sì gbàgbé káàdì náà, kí wọ́n tó gba lẹ́tà pé £6 ṣẹ́ kù àti pé £12 ìtanràn ti gùn ún. Kí wọ́n máa wo ìwé ìṣirò fún oṣù méjì sí i títí yóò fi jẹ́ òdo, kí wọ́n tó fagi lé direct debit. Bí wọ́n bá fẹ́ ti káàdì náà pa, kí wọ́n gba ẹ̀rí rẹ̀ ní kíkọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kó wà, kí wọ́n ní kí báńkì dín iye tó lè yá wọn kù, kí wọ́n sì yí direct debit sí gbogbo gbèsè oṣù dípò iye tó kéré jù. Standing order tó ti ń lọ ní ọjọ́ kejì owó oṣù kò nílò kó dúró. Kí wọ́n kàn yí ibi tó ń lọ padà sí àpò owó físà àti ohun òjijì.